Brainstorming nínú àjọ aláàánú: ìforíkorí tí kì í ṣe mítìn

Bó o bá ti bá àjọ aláàánú kan jókòó rí, yálà ti ìjọ, ti mọ́sálásí tàbí ti ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde, ó ṣeé ṣe kó o ti gbọ́ kẹ́nì kan sọ pé, “Ẹ jẹ́ ká ṣe brainstorming.” Alága á wá sọ̀rọ̀ títí, akápò á ṣàlàyé ìdí tí àpò fi gbẹ, wọ́n á pín mínírà àti mítì-páì, oníkálukú á gbalé ẹ̀ lọ. Mítìn nìyẹn. Brainstorming kọ́.

Ẹni tó sọ brainstorming, ìyẹn ìforíkorí láti wá èrò tuntun, di ọ̀nà ìṣiṣẹ́ ni Alex Osborn, ará Amẹ́ríkà kan tó wà lára àwọn olórí BBDO, iléeṣẹ́ ìpolówó ọjà ní New York. Ní 1939 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ kí wọ́n lè jọ wá èrò tuntun. Ó fi òfin mẹ́rin lélẹ̀: kẹ́nikẹ́ni má bu ẹnu àtẹ́ lu èrò ẹlòmíì, bí èrò kan bá dà bíi ti wèrè, kí wọ́n mú un wá bẹ́ẹ̀, kí èrò pọ̀ yanturu, kí wọ́n sì máa fi tẹnì kan lé tẹnì kejì lórí. Òfin àkọ́kọ́ yẹn ni ẹ̀mí ọ̀rọ̀ náà. Osborn ò sọ pé ká má yẹ èrò wò o. Ohun tó ń sọ ni pé ká má ṣe bí èrò ká sì dá a lẹ́jọ́ lórí ìjókòó kan náà. A kì í dúró ti ẹni tó ń rọbí ká máa bi í bóyá ọmọ náà máa mọ̀wé.

Kì í ṣe gbogbo ìṣòro ló yẹ ká tìtorí ẹ̀ forí korí báyìí. Bí dísù bá tán nínú jẹnẹrétọ̀, ẹ lọ ra dísù. Ìṣòro tí wọ́n ń pè ní strategic ni èyí tó ń bi àjọ léèrè pé kí gan-an ló wá ṣe láyé, ta ló ń ṣe é fún, ọ̀nà wo ni yóò sì gbà láti òní lọ.

Ẹ wo àjọ tí Ààrẹ Franklin Roosevelt dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1938, tí ayé wá mọ̀ sí March of Dimes. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń bá jà. Àwọn mẹ̀kúnnù ń fi dime, owó wẹ́wẹ́ tí í ṣe sẹ́ǹtì mẹ́wàá, sínú àpò ìwé ránṣẹ́ sí White House. Irú owó bẹ́ẹ̀ ló gbé iṣẹ́ dókítà olùṣèwádìí Jonas Salk ró, títí wọ́n fi kéde ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin 1955 pé abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Àwọn èèyàn lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni àjọ tó ti ṣẹ́gun ọ̀tá rẹ̀ fẹ́ máa ṣe? Ṣé kó kógbá sílé ni? Àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn láti máa gba owó kiri, ṣé kí wọ́n padà sílé? Ní 1958, wọ́n kọjú ìjà sí àbùkù ara tí wọ́n ń bí mọ́ ọmọ. Irú ìbéèrè yìí ló tó ohun tí èèyàn ń tìtorí ẹ̀ tilẹ̀kùn forí korí.

Ibi tó ti wá wọ́ nìyí. Ní 1958 kan náà, àwọn olùṣèwádìí ní Yunifásítì Yale fi àwọn tó jọ ronú wé àwọn tó dá ronú, tí wọ́n wá da èrò wọn pọ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn tó dá ronú ló mú èrò púpọ̀ wá jù. Ní 1987, àwọn olùṣèwádìí méjì, Michael Diehl àti Wolfgang Stroebe, tọ́ka sí ohun tó fà á jù lọ: ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kó tó kan ẹ, o ti gbàgbé tìẹ, tàbí kó o ti pinnu pé kò tó nǹkan.

Tiwa tún ní ju ìyẹn lọ. A máa ń pa á lówe pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n bí bàbá alága bá ti ní “Ní tèmi o,” ta ni ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tó máa la ohùn? Á kàn ní, “Bẹ́ẹ̀ ni sà.” Èmi ò rò pé ọ̀wọ̀ ló yẹ ká pa tì. Pẹ́pà ló yẹ ká gbé jáde. Bernd Rohrbach, ará Jámánì, ti fi ọ̀nà kan hàn ní 1968: èèyàn mẹ́fà, oníkálukú kọ èrò mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, kó fi pẹ́pà rẹ̀ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí onítọ̀hún ka ohun tó wà níbẹ̀ kó sì kọ mẹ́ta mìíràn sí i. Lẹ́yìn ààbọ̀ wákàtí, èrò 108 ti wà nílẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni ja àgbà níyàn.

Ká ní àjọ kan wà n'Ìbàdàn tó ń fún àwọn ọmọ iléèwé ní ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, tí àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ láti òkè òkun wá ní àwọn ò ní lè ṣe é mọ́. “Báwo la ṣe máa rówó?” kì í ṣe ìbéèrè tó dáa, torí gbogbo ìdáhùn ẹ̀ á máa jọra wọn: ẹ kọ lẹ́tà, ẹ ṣe ìkówójọ. Ẹ bi í báyìí: “Bí a ò bá ní lè ra ìwé kankan mọ́, kí la lè ṣe kí ọmọ náà ṣì mọ̀wé kà?” Ìbéèrè tó bá rí báyìí á jẹ́ kí ẹnì kan kọ ọ́ pé kí wọ́n máa yá àwọn ọmọ ní ìwé, kí ẹlòmíì ní kí wọ́n kọ́ àwọn ìyá láti máa ka ìtàn sí wọn létí. Kí ìyá ọmọ kan àti dírẹ́bà tó ń gbé ìwé lọ sí iléèwé wà lára àwọn mẹ́fà náà, torí dírẹ́bà ló mọ iléèwé tí páálí ìwé ṣì wà láìtú láti ọdún tó kọjá. Kí alága má darí ìjókòó. Kóun náà gba bírò.

Ọjọ́ mìíràn ni wọ́n á wá yẹ pẹ́pà wọ̀nyẹn wò, nígbà tí ara ti silé. Ibí gan-an ni kí akápò ti sọ̀rọ̀ owó tó ti ń gbé mì. Ọ̀pọ̀ á bọ́ sílẹ̀, èyí tó jọra á wọnú ara wọn, bóyá mẹ́ta ló máa kù. Mẹ́ta yẹn ni kí wọ́n kọ orúkọ èèyàn àti déètì sí níwájú.