Jẹjẹrẹ ọmú kan wà tí kì í sábà ní kókó

"Fọwọ́ tẹ ọmú rẹ wò. Tí o kò bá ti kan kókó, fọkàn balẹ̀." Ohun tí wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa nìyẹn. Títẹ ọmú wò dára. Apá kejì ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dẹ́rù bà mí.

Irú kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní inflammatory breast cancer. Ó ṣọ̀wọ́n: ní Amẹ́ríkà, nínú 100 obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú, 1 sí 5 ló ní i. Ṣùgbọ́n eré burúkú ló ń sá. Kì í sábà di kókó; ńṣe ló ń dí àwọn òpó tín-ín-rín tí omi ara ń gbà nínú awọ ọmú. Omi ò rí ọ̀nà lọ, ọmú á wú, á gbóná, á wúwo. Kọ́mú tó bá yín mu lóṣù tó kọjá á há, àpá rẹ̀ á sì wà lára títí alẹ́. Awọ á nípọn, á ní ihò wẹ́wẹ́ bí èèpo ọsàn. Orí ọmú lè wọnú. Wọ́n ní ó máa ń pọ́n, àmọ́ lára wa tó dúdú, ó lè kàn ṣú sí i ni.

"Wàrà ló dì." Ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ sọ fún ìyá ọlọ́mọ nìyẹn, òun náà ló sì sábà máa ń jẹ́. Kò burú kí dókítà kọ oògùn apakòkòrò àrùn (antibiotic). Ohun tó burú ni kí èyí àkọ́kọ́ má ṣiṣẹ́, kí wọ́n tún kọ òmíràn, kí oṣù máa lọ. Tí wíwú náà bá kọjá ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lórí oògùn, ẹ ní kí wọ́n gé díẹ̀ lára awọ àti ẹran ibẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Mámógíráàmù, ìyẹn fọ́tò X-ray ọmú, nìkan lè má rí i.

Àwọn kan ní kò sẹ́ni tó ń yè é. Irọ́ ni. Kẹ́mò, ìyẹn oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, ló ń ṣáájú, kó lè sún un kì. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ abẹ, ìtọ́jú onítànṣán (radiotherapy) á tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá sáré gé e ṣáájú kẹ́mò ti gbé kẹ̀kẹ́ ṣáájú ẹṣin. Ní Amẹ́ríkà, nínú 10 tó ní i, bíi 4 ló ń lò ju ọdún 5 lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá rí i. Tí kò bá tíì ràn dé ibi tó jìnnà nínú ara, ó tó bí ìdajì.

Ẹ kọ ọjọ́ tí wíwú náà bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Dókítà tó mọ àrùn yìí á béèrè rẹ̀.