Òkun inú fíìmù: ṣé òkun gidi ni?

Ìbéèrè: Nínú àwọn fíìmù ìrìn-àjò ojú òkun tí ìdílé ń jókòó wò, ṣé ojú òkun ni wọ́n ti ya gbogbo rẹ̀ lóòótọ́?

Rárá o. Ibi tí ìjì ti ń jà jù, tí ẹ̀rù ti ń bani jù, inú adágún tí wọ́n dìídì gbẹ́ fún iṣẹ́ fíìmù ni wọ́n sábà ti ń yà á. Irú rẹ̀ kan wà ní Kalkara, ní orílẹ̀-èdè Malta, tí wọ́n kọ́ sí etí òkun lọ́dún 1964. Wọ́n á bu omi kún un títí á fi máa ṣàn kọjá ògiri tó kọjú sí òkun. Bí kámẹ́rà bá wá rẹlẹ̀, ojú ò ní rí ògiri yẹn mọ́. Omi adágún àti omi òkun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á para pọ̀ di ọ̀kan. Ní ti *Life of Pi* (2012), tí Ang Lee darí, pápákọ̀ òfurufú àtijọ́ kan ní Taichung, ní Taiwan, ni wọ́n kọ́ adágún tiwọn sí. Omi tó gbà lé ní mílíọ̀nù 6 lítà, ẹ̀rọ ló sì ń dá ìgbì sínú rẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọn ò kàn gbé kámẹ́rà lọ sójú agbami?

Òkun kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìran tí ẹ fi ìṣẹ́jú méjì wò lè gbà wọ́n ní odidi ọjọ́ kan. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, oòrùn ti yí, ìgbì ti ga, omi sì ti gbé ọkọ̀ òṣèré lọ sápá kan, ó gbé ọkọ̀ kámẹ́rà lọ sápá kejì. Nígbà tí wọ́n bá so gbogbo rẹ̀ pọ̀, omi á mọ́ gaara níhìn-ín, á dúdú lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ wákàtí kan náà ni ìtàn ní ká wà. Iyọ̀ ń jẹ irin àti wáyà. Èébì ń gbé òṣèré.

Steven Spielberg, olùdarí fíìmù, yan ojú òkun gidi fún *Jaws* (1975), tí kì í ṣe fíìmù ọmọdé rárá. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣètò fún ọjọ́ 55 di ọjọ́ 159, ẹja ṣáàkì tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe sì ń bàjẹ́ léraléra nínú omi iyọ̀.

Ìbéèrè: Báwo wá ni ọkọ̀ ṣe ń fì sọ́tùn-ún sósì nínú adágún?

Ọkọ̀ ni wọ́n sábà ń mì, kì í ṣe omi. Wọ́n á gbé apá kan ọkọ̀ ka orí pẹpẹ irin tí àwọn jákì alágbára wà lábẹ́ rẹ̀. Bí jákì kan ti ń ga ni òmíràn ń rẹlẹ̀. Àgbá omi ńlá á wà lókè, tí ọ̀nà gbọọrọ dídà gẹ̀rẹ́ ti ẹnu rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ṣíṣí tí wọ́n bá ṣí i, omi á ya lu àwọn atukọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣòro tó kù ni ògiri: ìgbì tó bá lù ú á padà, á sì pàdé èyí tó ń bọ̀, omi á wá máa hó wùrùwùrù bí kò ṣe ń hó lójú òkun. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ìpẹ̀kun adágún dà gẹ̀rẹ́ bí etíkun, kí ìgbì lè kú síbẹ̀.

Òkùnkùn náà ń ran iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ gan-an. Nínú *20,000 Leagues Under the Sea* (1954), wọ́n kọ́kọ́ ya ìjà àwọn atukọ̀ àti ẹran omi ńlá ọlọ́wọ́ gígùn nígbà tí omi pa rọ́rọ́, tí oòrùn ń wọ̀. Wáyà tó ń fa ọwọ́ ẹran náà hàn kedere. Wọ́n tún un yà lóru, nínú ìjì àti òjò, kò sì sẹ́ni tó rí wáyà mọ́.

Ìbéèrè: Kí ló fà á tí àwọn ọkọ̀ kan fi ń dà bí ohun ìṣeré?

Ẹ wo ẹ̀kán omi, ibẹ̀ ni àṣírí wà. Ọkọ̀ ṣeé ṣe ní kékeré, ṣùgbọ́n ẹ̀kán omi kì í gbọ́ pé ọkọ̀ ti kéré. Ká ní wọ́n ṣe àwòṣe tó jẹ́ ìdá kan nínú 16 ọkọ̀ gidi. Ẹ̀kán omi tó fẹ̀ tó mìlímítà 5 á wá hàn bíi pé ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8. Ojú mọ̀ pé kò sí irú ẹ̀kán bẹ́ẹ̀ láyé.

Ìyára tún ni ìṣòro kejì, torí ìgbì kékeré máa ń yára dìde, ó sì máa ń yára ṣubú. Èyí ní oògùn. Àwòrán 24 ni fíìmù máa ń gbé jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fún àwòṣe ìdá kan nínú 16, wọ́n á fi 4 sọ 24 di púpọ̀, torí 4 lọ́nà 4 ni 16: kámẹ́rà á ya àwòrán 96 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí wọ́n bá wá gbé e jáde ní 24, ìgbì á falẹ̀ bí ti òkun ńlá. Ti ẹ̀kán omi ni kò ní irú oògùn yìí, àfi kí wọ́n ṣe àwòṣe tó tóbi sí i. Ìdá kan nínú 4 dára púpọ̀, àwòrán 48 péré ló sì nílò.

Ìbéèrè: Àwọn fíìmù kàtúùnù ńkọ́?

Nígbà tí wọ́n ń ṣe *Finding Nemo* (2003), àwọn òṣìṣẹ́ Pixar, ilé-iṣẹ́ fíìmù kàtúùnù, fi kọ̀ǹpútà ṣe omi tó jọ omi gidi débi pé wọ́n ní láti dín in kù, kó lè bá ẹja tó ń sọ̀rọ̀ mu. Hayao Miyazaki, olùdarí fíìmù kàtúùnù ará Japan, ní tirẹ̀ ní kí wọ́n fi ọwọ́ ya *Ponyo* (2008), ìgbì inú rẹ̀ sì ń sáré bí ẹja tó lójú. Èyí wù mí jù fún ọmọ kékeré.

Ìbéèrè: Èwo ló yẹ ọmọdé?

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi àmì sọ ẹni tí fíìmù yẹ, àmì G ni wọ́n fún *Finding Nemo* àti *Ponyo*: gbogbo ọjọ́ orí lè wò ó. PG ni *Life of Pi*, tó túmọ̀ sí pé kí òbí wà nítòsí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ọkọ̀ rì pẹ̀lú ẹbí ọmọkùnrin tí ìtàn náà dá lé, ó wá ku òun àti ẹkùn kan nínú ọkọ̀ kékeré, ẹranko sì pa ẹranko. Ẹ kọ́kọ́ dá wo ìran tí ọkọ̀ ti rì. Bí ẹ bá pe ọmọ wá, ẹ dín ohùn kù níbẹ̀, torí ariwo ìjì lè já ọmọdé láyà. Kí ẹ sì sọ fún un ṣáájú pé Suraj Sharma, òṣèré tó ṣe ọmọkùnrin náà, kò bá ẹkùn gidi wọ ọkọ̀ kan náà rí. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe ẹkùn tó wà níwájú rẹ̀.