Ìrẹsì tó sùn mọ́jú nínú kúlà: gbígbé e kaná ò lè tún un ṣe

A lọ bá ìdílé kan ṣòkú ìyá wọn lọ́jọ́ Sátidé kan, oúnjẹ pọ̀ níbẹ̀ gan-an, nígbà tí òde sì fẹ́ máa tú, wọ́n bu jọ̀lọ́fù ráìsì kún kúlà kan fún wa pé ká gbé e lọ fáwọn ọmọ nílé. Nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ la délé, wọ́n ti mú iná lọ, ó ti rẹ kálukú, la bá gbé kúlà yẹn kalẹ̀ sí kíṣìnì bó ṣe wà, ọmọrí ẹ̀ dé pinpin, a lọ sùn. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, àǹtí mi ṣí i, wọ́n gbóòórùn ẹ̀, wọ́n fi ìka mú díẹ̀ tọ́ wò, wọ́n ní kò tíì kan. Mo ní, "Àǹtí mi, ṣé kò ní dá wàhálà sílẹ̀ báyìí?" Wọ́n ní, "Ṣáà gbé e kaná dáadáa jàre, kí ni iná ò lè pa?"

Mo gbé e kaná lóòótọ́. Mo wọ́n omi sí i, mo ń rò ó títí ooru fi ń rú lójú ẹ̀ tí ìdí ìkòkò sì ti fẹ́ máa jó. Àwọn ọmọ jẹ ẹ́ láago mẹ́jọ. Kó tó di aago mẹ́wàá èyí àbíkẹ́yìn ti ń bì, kó tó di mọ́kànlá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti ń bì, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n jọ ń sáré lọ bá, ojú wọn ti rọ̀, èyí àbíkẹ́yìn ò lè dá dúró mọ́.

Ohun àkọ́kọ́ táwọn èèyàn sọ ni pé aráyé ni, pé wọ́n ti fi nǹkan sí oúnjẹ òkú yẹn. Ṣùgbọ́n èmi gan-an jẹ ìrẹsì yẹn lóde láago mẹ́ta ọ̀sán, mo jẹ ẹ́ yó, nǹkan kan ò ṣe mí, àwọn tá a jọ jókòó sídìí tábìlì náà ò sọ pé inú run àwọn. Ìrẹsì kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni wákàtí tó lò nínú kúlà láàárín alẹ́ sí àárọ̀. Kò sí ẹni tó fi nǹkan kan sí i, inú kúlà yẹn ni oró ti sú yọ, ní kíṣìnì wa, nígbà tá a sùn.

Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí "gbé e kaná" yìí, torí ọ̀pọ̀ wa la gbà á gbọ́ bí ẹni gba ìwé mímọ́ gbọ́. Iná ń pa kòkòrò àìfojúrí lóòótọ́, kò sẹ́ni tó ń jiyàn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé kòkòrò kan wà tó máa ń tu oró sínú oúnjẹ kí iná tó dé bá a, iná á wá pa kòkòrò, oró á ṣẹ́ kù síbẹ̀.

Orúkọ kòkòrò tí mò ń wí yìí ni Bacillus cereus. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, torí náà ó máa ń bá ìrẹsì bọ̀ láti oko, ó wà lára ìrẹsì inú àpò, fífọ̀ ò sì lè kó gbogbo ẹ̀ kúrò. Ṣé ẹ ti rí ìgbín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Á fà sẹ́yìn sínú ìkarawun ẹ̀, á fi nǹkan funfun kan dí ẹnu ẹ̀ pa, bí oòrùn fẹ́ kó ràn kó má ràn mọ́, ibẹ̀ ló máa wà títí òjò á fi rọ̀. Bí kòkòrò yìí náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Tí ibi tó wà ò bá rọrùn fún un, á sé ara ẹ̀ mọ́ inú èèpo líle kan, omi tó ń hó ní 100°C á kọjá lórí ẹ̀, kò ní kú. Ìrẹsì á jinná, ẹ á sọ ọ́ kalẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í tutù díẹ̀díẹ̀, ìgbà tó bá wá lọ́ wọ́ọ́rọ́ báyìí, òjò ti rọ̀ fún un nìyẹn. Á jáde, á bẹ̀rẹ̀ sí í bí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: tí ọ̀kan bá ń di méjì ní ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan ṣoṣo tó wà nínú kúlà láago mẹ́wàá alẹ́ á ti lé ní mílíọ̀nù kan kó tó di aago mẹ́jọ àárọ̀. Ta ló sì sọ pé ẹyọ kan ló wà níbẹ̀.

Bó ṣe ń pọ̀ ló ń tu oró. Cereulide ni wọ́n ń pe oró yẹn, òun ló ń mú èèyàn bì láàárín ìdajì wákàtí sí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn tó bá jẹun. Oró kì í ṣe nǹkan abẹ̀mí, kò ní ẹ̀mí tí iná máa gbà. Àwọn onímọ̀ ti fi iná tó tó 121°C jó o fún wákàtí kan àbọ̀, kò mì, bẹ́ẹ̀ omi inú ìkòkò tiwa lórí sítóòfù ò lè kọjá nǹkan bí 100°C, kódà kẹ́ ẹ sun gáàsì odindi sílíńdà tán lórí ẹ̀. Ẹ tiẹ̀ wo ata rodo, ẹ sè é ní wákàtí mẹ́ta kẹ́ ẹ wò ó, ṣé kò ní ta yín lẹ́nu mọ́ ni?

Ọ̀rọ̀ òórùn náà ń kọ́? Oró yẹn ò ní òórùn, kò lé nǹkan kan sí adùn oúnjẹ. Kíkan tí oúnjẹ ń kan, iṣẹ́ kòkòrò mìíràn ni, wọ́n lè má tíì débẹ̀ kí eléyìí tó ti parí iṣẹ́ tiẹ̀. Torí náà "mo tọ́ ọ wò, kò tíì kan" ò dáhùn ìbéèrè kankan. Àwọn tó ń ju èédú sínú ọbẹ̀ tó ti kan, tàbí tí wọ́n ń bu káún sí i kó lè padà bọ̀ sípò, ohun tí wọ́n ń ṣe ò ju pé wọ́n ń pa ìtọ́wò kíkan yẹn mọ́ wa lẹ́nu, tí kò ní jẹ́ ká mọ̀ pé ká dà á nù, ó sì ń dùn mí gan-an tí mo bá rí i kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọge pé ọgbọ́n ìdáná ni.

Ìlú London ni ayé ti kọ́kọ́ mọ ti ìrẹsì yìí dáadáa, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Àwọn ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà níbẹ̀ máa ń se ìrẹsì ní pípọ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ ní gbangba mọ́jú torí wọ́n ò fẹ́ kó lẹ̀ pọ̀, tí kọ́sítọ́mà bá wá dé wọ́n á dín in pẹ̀lú ẹyin lórí iná tó ń jó fòfò. Iná tiwọn le ju tiwa lọ, síbẹ̀ àwọn tó jẹ ẹ́ ń bì. Ṣáájú ìgbà yẹn, láàárín 1947 sí 1949, nǹkan bí 600 èèyàn ni inú ti run ní Norway látàrí ọbẹ̀ dídùn kan tí wọ́n fi sítáàṣì àgbàdo sè tí wọ́n sì fi sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú. Dókítà Steinarr Hauge tó wádìí ẹ̀ fi kòkòrò yẹn sínú irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó jẹ́ kó dàgbà fún ọjọ́ kan, ó sì mu ún fúnra ẹ̀. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́tàlá lẹ́yìn náà ni inú gbé e ṣánlẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀. (Oró mìíràn tí kòkòrò yẹn náà ń tu nínú ìfun ló fa tiẹ̀, òun ló ń mú èèyàn yàgbẹ́, kì í sábà mú un bì.)

Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọjọ́ kan ló máa fi dá èèyàn láàmú tá á sì lọ. Ṣùgbọ́n ní Brussels lọ́dún 2008, ọmọ ogún ọdún kan jẹ sìpàgẹ́tì tó ti wà ní kíṣìnì láìsí fíríìjì fún ọjọ́ márùn-ún, ó mú un gbóná nínú máíkírówéèfù kó tó jẹ ẹ́, ilẹ̀ ò mọ́ bá a láyé. Ẹ̀dọ̀ ni oró yẹn bà jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé inú rírun lásán ni.

Kì í sì í ṣe ìrẹsì nìkan. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Staphylococcus aureus wà nínú imú wa àti lára ọwọ́ wa, pàápàá ọwọ́ tó ní eéwo tàbí egbò, tó bá ti kan ẹran díndín tàbí móínmóín tí wọ́n sì fi sílẹ̀ nínú ooru, òun náà á tu oró tí híhó omi ò lè pa.

Màmá mi bi mí pé ṣé ọbẹ̀ ata táwọn ń gbé kaná láàárọ̀ lálẹ́ láti kékeré wa, ṣé oró làwọn fi ń bọ́ wa? Rárá o. Wọ́n máa ń jẹ́ kó hó dáadáa, tó bá ti hó wọn kì í ti ṣíbí bọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n á dé e, kò sì ju àárọ̀ sí alẹ́ lọ kí iná tó tún kàn án, ìyẹn ń dín àyè tí kòkòrò máa rí láti pọ̀ kù. Ata àti tòmátì tó wà nínú ẹ̀ tún kan díẹ̀, kòkòrò ò fẹ́ràn ìyẹn. Ìrẹsì, ẹ̀wà àti móínmóín ò ní irú ààbò yẹn. Ọbẹ̀ gan-an, tẹ́ ẹ bá gbàgbé ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ má rò pé híhó tàárọ̀ á san gbèsè alẹ́.

Láàárín 5°C sí 60°C ni kòkòrò ń gbádùn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kí oúnjẹ tó ti jinná má lò ju wákàtí méjì lọ níbẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà ní kó má ju wákàtí kan lọ tí ooru bá ti kọjá 32°C, ẹ sì mọ bí ooru ọ̀sán tiwa ṣe ń rí. Orúkọ kúlà yẹn ló ń tan èèyàn. Kì í mú nǹkan tutù, ńṣe ló ń dá ooru tó bá nínú oúnjẹ dúró, ìrẹsì tó bọ́ sínú ẹ̀ ní gbígbóná á wá lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti alẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ibi tí kòkòrò ń wá gan-an nìyẹn. Tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú ìrẹsì, ẹ tú u jáde, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí tíréè ńlá, kí afẹ́fẹ́ lè gbà á, láàárín wákàtí kan kó ti wọ fíríìjì nínú abọ́ kéékèèké. Ọbẹ̀, ẹ gbé ìkòkò ẹ̀ sínú básíà omi tútù kẹ́ ẹ máa rò ó. Àwọn tó ní oúnjẹ gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kó tó wọ fíríìjì, ìyẹn náà ò rí bẹ́ẹ̀, kí ooru tó ń rú lójú ẹ̀ ṣáà ti lọ. Ẹ jẹ ìrẹsì yẹn láàárín ọjọ́ kan, ẹ gbé e kaná lẹ́ẹ̀kan péré, kó gbóná dénú.

Tí iná ò bá sí ńkọ́? Ẹ se ìwọ̀n tó máa tán. Oúnjẹ òde tẹ́ ẹ gbé dé lálẹ́, ẹ pín in kiri lójú ẹsẹ̀. Èyí tó bá ti sùn síta, ẹ dà á nù, mo mọ iye tí àpò ìrẹsì ń jẹ́, ó máa ń ká mi lára, mo sì ń dà á nù.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ ra ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi, ní kẹ́míìsì, ẹ pò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí, ẹ máa fún ọmọ díẹ̀díẹ̀ léraléra, ọmọ tó ń mu ọmú kó máa mu ún lọ. Tí kò bá lè gba omi dúró, tí kò tọ̀ mọ́, tí ojú ẹ̀ jìn, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ ẹ̀ tàbí tí ojú ẹ̀ ń pọ́n bí ìyeyè, ẹ gbé e lọ sọ́sípítù, ẹ má dúró de àárọ̀.

Àwọn tiwa gbádùn ní ọjọ́ kejì, mo dúpẹ́. Oṣù tó kọjá wọ́n tún bu ìrẹsì fún wa lóde ìgbéyàwó kan, aago mẹ́jọ alẹ́ náà la gbé e délé. Kí n tó sọ ohunkóhun, àǹtí mi ti ń wá tíréè nínú òkùnkùn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù wọn lẹ́nu, wọn ò gbóòórùn ẹ̀, wọn ò tọ́ ọ wò, wọ́n kàn kọjú sí mi pé, "Aago mélòó ni wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ lórí iná?"