Àyẹ̀wò Widal kò rí kòkòrò kankan nínú ẹ̀jẹ̀ yín

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ wọlé sí láàbù wa láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó kó ìwé èsì mẹ́rin sínú ọ̀rá. Ó ní, "Ọmọ mi, táífọ́ọ̀dù mi ti tún dìde o." Mo ní kí wọ́n jókòó, mo gba àwọn ìwé náà, mo tẹ́ wọn sórí tábìlì. Láàárín ọdún méjì ni wọ́n ṣe gbogbo wọn, Widal, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá táífọ́ọ̀dù, sì ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: 1/80, 1/160, 1/160, 1/80. Gbogbo ìgbà tí èsì bá ti jáde báyìí ni wọ́n máa ń fún wọn ní ciprofloxacin, oògùn apakòkòrò kan. Ara á fúyẹ́, lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ibà á tún dá wọn dùbúlẹ̀.

Ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo ti gbọ́ "táífọ́ọ̀dù mi dìde", bíi pé àìsàn náà háyà yàrá sínú ara wọn. Lọ́dọ̀ wa, bí ara bá ti gbóná, "ibà àti táífọ́ọ̀dù" ni wọ́n á sọ, bí ẹni ń pe Táyé pe Kẹ́hìndé. Wọn kì í ṣe ìbejì rárá. Ẹ̀fọn ló ń gbé kòkòrò ibà sínú ẹ̀jẹ̀. Bakitéríà tó ń jẹ́ Salmonella Typhi ló ń fa táífọ́ọ̀dù, ẹnu ló ń gbà wọlé, nínú oúnjẹ tàbí omi tí ìgbẹ́ ẹni tó ní in ti kàn. Òótọ́ ni pé àwọn díẹ̀ wà tí kòkòrò náà ń gbé inú àpò òróòro wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Irú rẹ̀ ni Mary Mallon, alásè tí wọ́n mú ní New York ní 1907. Ṣùgbọ́n ara irú wọn sábà máa ń dá ṣáṣá, ẹlòmíì ni wọ́n ń kó o ràn.

Ẹ súnmọ́ ìdí tábìlì kí ẹ wo ohun tí Widal ń ṣe. A ó fi ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń yí i títí apá pupa á fi rọ̀ sísàlẹ̀. Omi tó léfòó lókè, tó rí bí omi orí ògì, la máa ń fà. A ó kán ẹ̀kán kan sórí àwo funfun, a ó kán oògùn láti inú ìgò kékeré kan tẹ̀ lé e, a ó fi igi tín-ín-rín pò ó, a ó sì máa mi àwo náà jẹ́ẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Nínú ìgò kékeré yẹn, Salmonella tí wọ́n ti pa, tí wọ́n sì ti rẹ láró, ló wà níbẹ̀. Búlúù àti pupa ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Bí omi náà bá ń ṣàn geere, kò sí nǹkan. Bí ó bá ṣe kókó bí àmàlà tí ọwọ́ kò yá nídìí rẹ̀, a ó kọ èsì sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó dáadáa. Kòkòrò tó wà lórí àwo yẹn, ilé iṣẹ́ tó ṣe ìgò náà ló ti wá. Kì í ṣe inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Ohun tí a rí lára aláìsàn ni àǹtíbọ́dì, ìyẹn ohun ìjà tí ara rọ sílẹ̀ nígbà tó bá kòkòrò kan jà. Ogun lè ti parí tipẹ́ kí ohun ìjà ṣì wà nínú àká. Ẹni tó ṣe táífọ́ọ̀dù lọ́dún tó kọjá, ẹni tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, ẹni tí ẹbí Salmonella mìíràn bá jà, kódà ẹni tí ibà lásán ń ṣe, kókó lè hàn lórí àwo wọn. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ yìí, ara wọn ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí. Ara gbogbo wọn le, wọ́n ti jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà wá. Ó ju ẹyọ kan lọ nínú wọn tó jáde ní 1/80. Ọ̀kan fẹ́ gba kẹ́míìsì lọ lójú ẹsẹ̀, àfi ìgbà tí mo dá a dúró.

Ẹni tó sì ní táífọ́ọ̀dù gan-an, tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó bẹ̀rẹ̀, àwo rẹ̀ lè máa ṣàn geere, torí ara rẹ̀ kò tíì rọ ohun ìjà tó.

Nọ́ńbà yẹn náà ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn lásán. Wọ́n rò pé 1/160 túmọ̀ sí táífọ́ọ̀dù tó pọ̀ ju ti 1/80 lọ. Omi tí a fi là á ni nọ́ńbà ń kà, kò ka kòkòrò. Ìlọ́po méjì méjì la sì ń là á, nítorí náà ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín méjèèjì, ẹ̀kán kan tó tóbi ju ìkejì lọ lè fa ìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń lò ó bó ṣe yẹ ni pé kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lónìí, kí wọ́n tún gba òmíràn lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 14. Bó bá ti ròkè ní ìlọ́po mẹ́rin, bóyá láti 1/80 dé 1/320, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ta ló ń padà wá fún ẹlẹ́ẹ̀kejì? Georges-Fernand Widal, dókítà ará Faransé, ló gbé àyẹ̀wò yìí jáde ní 1896, ó sì ran àwọn èèyàn lọ́wọ́ púpọ̀ nígbà náà. Ẹ̀kán kan pẹ̀lú ìṣẹ́jú kan tí a sọ ọ́ dà ló ń dùn mí.

Bí ẹ bá fẹ́ rí kòkòrò náà fúnra rẹ̀, ẹ ní láti gbìn ín. Nínú mílílítà kan ẹ̀jẹ̀ aláìsàn táífọ́ọ̀dù, kòkòrò tó wà láàyè lè má ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń gba mílílítà 8 sí 10 lọ́wọ́ àgbàlagbà, kí ó tó fi oògùn apakòkòrò kankan sẹ́nu, tí a ó dà á sínú ìgò tí oúnjẹ kòkòrò wà, tí a ó sì gbé e sínú ẹ̀rọ tó gbóná tó ara èèyàn, 37°C. Bí nǹkan bá hù níbẹ̀, a ó jó wáyà olórí róbótó nínú iná títí á fi pọ́n, a ó jẹ́ kó tutù, a ó fi fa ìlà tín-ín-rín sójú abọ́ oúnjẹ kòkòrò tí à ń pè ní MacConkey. Ṣúgà inú wàrà wà nínú abọ́ yẹn. Kòkòrò bíi E. coli máa ń jẹ ṣúgà náà, ibi tó bá ti hù á pọ́n bí òdòdó. Salmonella kì í jẹ ẹ́, tirẹ̀ kò ní ní àwọ̀ kankan. Ẹ̀yìn èyí la ó wá mú àǹtíbọ́dì tí a mọ̀ dájú, a ó pò ó mọ́ kòkòrò tó hù láti ara aláìsàn. Kókó tó bá hàn níbí ló ní ìtumọ̀, torí pé ti aláìsàn gan-an ni kòkòrò ọ̀hún lọ́tẹ̀ yìí.

N kò ní sọ pé gbígbìn kì í ṣàṣìṣe o. Nínú aláìsàn táífọ́ọ̀dù 10, ó lè fojú fo 4 tàbí 5, pàápàá àwọn tó ti lo oògùn kí wọ́n tó dé. Ìgò náà sì lè wà nínú ẹ̀rọ fún ọjọ́ 5 sí 7, sùúrù aláìsàn kì í sábà tó bẹ́ẹ̀.

Mo bi màmá eléèlùbọ́ bóyá ìtọ̀ máa ń ta wọ́n. Wọ́n ní ó ti pẹ́, pé kò sí ẹni tó bi àwọn rí. A bá dókítà wọn sọ̀rọ̀, ó ní ká gba ẹ̀jẹ̀ fún gbígbìn, ká gba ìtọ̀ pẹ̀lú. Ìgò ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ fún ọjọ́ méje, nǹkan kan kò hù. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí mo ṣí abọ́ ìtọ̀ wọn, ó ti pọ́n látòkè délẹ̀: E. coli. Ciprofloxacin tí wọ́n ń lò fún táífọ́ọ̀dù máa ń pa kòkòrò inú ìtọ̀ náà tẹ́lẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ara wọn máa fúyẹ́, tí gbogbo èèyàn fi gbà pé táífọ́ọ̀dù ni lóòótọ́.

Mo tẹ́ kòkòrò yẹn sójú abọ́ tuntun, mo to àwọn bébà róbótó tí wọ́n rì sínú oògùn lóríṣiríṣi sórí rẹ̀. Ọjọ́rú ni mo wò ó. Àlàfo fífẹ̀ wà yíká bébà méjì, mo kọ orúkọ wọn ránṣẹ́ sí dókítà. Ní ti ciprofloxacin, kòkòrò náà hù títí ó fi kan etí bébà rẹ̀: oògùn náà kò ràn án mọ́.