Fíìmù Ti Lọ, Ta Ló Ń Tọ́jú Fọ́tò Yín?

Bí ẹ bá ṣègbéyàwó nílùú Àkúrẹ́ yìí ní nǹkan bí ọdún 1995, ó ṣeé ṣe kí nẹ́gẹ́tíìfù fọ́tò ọjọ́ náà (fíìmù tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò) ṣì wà nínú àpòòwé kan nísàlẹ̀ àpótí. Bó bá jẹ́ ọdún 2010 ni, mo fẹ́ kí ẹ dìde báyìí kí ẹ wá a. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò mi ni kò ní ju fọ́tò mẹ́rin-márùn-ún orí Facebook lọ, àti síídì kan tí kọ̀ǹpútà wọn kò rí ibi gbà á sí mọ́. Ó ń dùn mí gan-an, torí pé fọ́tò ayé ìsinsìnyí ló yẹ kó rọrùn jù láti tọ́jú.

Fíìmù jẹ́ ohun tí ẹ lè dì mú. Ike tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí wọ́n fi iyọ̀ fàdákà pa lára. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé láti ojú kámẹ́rà á sàmì sára iyọ̀ yẹn, kẹ́míkà á sì sọ àmì náà di àwòrán. Àwọn ọ̀gá wa máa ń fọ dúdú-òun-funfun fúnra wọn nínú yàrá òkùnkùn: kẹ́míkà àkọ́kọ́, omi lásán, lẹ́yìn náà háípò (kẹ́míkà tó ń mú kí àwòrán dúró), kí wọ́n tó fi kọ́ sórí okùn. (Gílóòbù pupa tí ẹ máa ń gbọ́ nípa rẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá ń tẹ fọ́tò sórí pépà ni wọ́n ń tàn án. Fíìmù fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ rí i.) Kọ́lọ̀ ló le. Kẹ́míkà rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná dé nǹkan bí 38 lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, fíìmù á sì lo ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 15 nínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, fọ́tò ìnáwó ẹni ẹlẹ́ni ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí a fi máa ń kó kọ́lọ̀ lọ nígbà náà sí lábù tó ní ẹ̀rọ àti jẹnẹrétọ̀.

Fọ́tò inú fíìmù kò sì pọ̀. Kámẹ́rà Yashica onífíìmù fífẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 120, tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán gbé kọ́rùn, 12 ló ń yà kí fíìmù tó tán. Ti 35mm, fíìmù tó kéré sí i, ń ya 36. Nítorí náà ayàwòrán á tún gèlè ṣe, á ní kí bàbá gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, kó tó tẹ̀ ẹ́. Sùúrù yẹn ṣì ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi.

Ọdún 1975 ni Steven Sasson, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà, ṣe kámẹ́rà díjítà àkọ́kọ́. Àmì kékeré (píksẹ́lì) 10,000 ni àwòrán rẹ̀ ní, ó sì ń gba ìṣẹ́jú àáyá 23 kó tó wọ inú kásẹ́ẹ̀tì. Fíìmù ni Kodak fi ń jẹun, kò fi gbogbo ara ṣe tuntun náà, àwọn ẹlòmíràn sì gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Nikon gbé kámẹ́rà díjítà D1 jáde ní 1999, Canon gbé EOS 300D jáde ní 2003 ní owó tí kò tó ẹgbẹ̀rún dọ́là kan. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2012, Kodak ti wà ní kóòtù, ó ń wá ààbò lọ́wọ́ àwọn tó jẹ ní gbèsè.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló dé tí lábù fi pa fíìmù tì lójijì. Kẹ́míkà kọ́lọ̀ kì í dúró de oníbàárà. Fíìmù púpọ̀ gbọ́dọ̀ máa gba inú ẹ̀rọ kọjá lójoojúmọ́ kí wọ́n lè máa bu tuntun kún un; bí wọn ò bá pọ̀ tó, kẹ́míkà á bàjẹ́, fíìmù àwọn tó kù náà á sì máa jáde pẹ̀lú àwọ̀ burúkú. Bí àwọn tó fẹ́ràn fíìmù pàápàá ṣe di oní-díjítà nìyẹn, wọn ò ríbi fọ̀ ọ́ mọ́.

N kò sunkún fíìmù ní tèmi, pàápàá tí mo bá rántí àwọ̀ ara wa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, káàdì tó ní àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun, tí wọ́n ń pè ní Shirley, ni Kodak fi ń ránṣẹ́ sí àwọn lábù láti fi tún àwọ̀ ẹ̀rọ wọn ṣe. Ẹ wo fọ́tò ẹbí àtijọ́ dáadáa: ẹni tó dúdú jù nínú wọn, eyín àti ojú rẹ̀ nìkan ló sábà máa ń hàn. Díjítà jẹ́ kí n rí ojú yẹn lójú ẹsẹ̀, kí n sì tún un yà. Ṣùgbọ́n ó ní ìṣòro tirẹ̀. Nẹ́gẹ́tíìfù máa ń fara da ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù. Díjítà kì í fara dà á. Bí léèsì funfun bá ti jó nínú fọ́tò díjítà, tí iṣẹ́ ara rẹ̀ ò hàn mọ́, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè dá a padà. Ẹ sọ fún ayàwòrán yín ṣáájú ọjọ́ ìnáwó bí ẹ bá máa wọ funfun lábẹ́ oòrùn ọ̀sán, kí ẹ sì ní kó yà á ní RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe). Á wọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí aṣọ, á wá gbé ojú yín mọ́lẹ̀ tó bá délé.

Ní ti ìpamọ́, nígbà fíìmù, nẹ́gẹ́tíìfù sábà máa ń wà lọ́dọ̀ ayàwòrán, ọmọ olóògbé lè padà wá lẹ́yìn ogún ọdún kó ní kí a tún fọ́tò ìyá òun tẹ̀. Lónìí, ìnáwó kan lè kún ju ẹgbẹ̀rún fọ́tò lọ, ọ̀pọ̀ ayàwòrán á sì nù ún kúrò lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba tiyín, kí àyè lè wà fún iṣẹ́ mìíràn. Kó tó di pé ẹ san owó ìkẹyìn, ẹ béèrè iye oṣù tó máa fi pa á mọ́.

Ẹ má sì gba fọ́tò ìnáwó lórí WhatsApp nìkan. WhatsApp máa ń fún fọ́tò kéré bí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lásán; àfi kí wọ́n fi í ránṣẹ́ bíi document. Fọ́tò inṣì 4 × 6 tó mọ́ dáadáa ń fẹ́ àmì kékeré 1,200 × 1,800, èyí tí WhatsApp lè sún mọ́. Férémù ńlá inṣì 16 × 20 ń fẹ́ 4,800 × 6,000. Ìdí rèé tí ojú bàbá fi máa ń ṣe wúruwùru lórí pósítà ìsìnkú, tí àwọn ọmọ á sì rò pé atẹ̀wé ló bà á jẹ́. Ẹ gba ojúlówó sínú fláàṣì, ẹ ṣe ẹ̀dà kejì sílé ẹlòmíràn nínú ẹbí, ẹ gbé ẹ̀kẹta sórí Google Drive. Kí ẹ sì tẹ ogún tó dára jù jáde sórí pépà.

Ẹ má da nẹ́gẹ́tíìfù àtijọ́ nù. Etí rẹ̀ ni kí ẹ dì mú, ẹ fi pépà mímọ́ wé e, ẹ gbé e kúrò nílẹ̀, torí ọ̀rinrin òjò Àkúrẹ́ ń mú kó hu olú. A lè yà á lórí iná funfun kí a sì sọ ọ́ di díjítà. Fọ́tò kọ́lọ̀ tó ti ń pọ́n kò tíì kú. Àwọ̀ búlúù inú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣá, a sì lè dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà. Èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù, ẹ má fà á ya. Ẹ gbé e wá tòun ti gíláàsì, a ó kọ́kọ́ yà á bẹ́ẹ̀.