Àgbájọ Ọwọ́ La Fi Ń Sọ̀yà, Ìrònú Ńkọ́?

Ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, tí ọjà bá ti dẹ̀ díẹ̀, tí àdìrẹ ayédèrú tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà bá tún ti kún ìsọ̀, ohun kan náà lẹ máa gbọ́: "Ẹ jẹ́ ká pèpàdé, ká jọ ronú àrà tuntun." Wọ́n á to àga, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á pín omi, èèyàn 15 á jókòó yí ká. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dìde, àrà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni akọ̀wé á rí kọ sílẹ̀, òmíràn nínú rẹ̀ á sì ti wà lórí okùn ní ìsọ̀ kejì. Síbẹ̀, ìpàdé mìíràn ni wọ́n tún máa pè. Ẹni tó bá ní kí wọ́n gbìyànjú ọ̀nà mìíràn, òwe ni wọ́n á fi dá a lóhùn: ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Òwe yẹn kò sọ pé inú yàrá kan náà, ní wákàtí kan náà, ni wọ́n ti gbọ́n.

Ohun tó ń bí èèyàn nínú ni pé wọ́n ti yẹ ìgbàgbọ́ yìí, pé àwọn tó bá jókòó pọ̀ ló ń ronú kan nǹkan jù, wò tipẹ́, kò sì dúró. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe iṣẹ́ ìpolówó ọjà, Alex Osborn, ló sọ ọ́ di ẹ̀kọ́. Òfin 4 ló fi lélẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1953: kí ẹnikẹ́ni má bẹnu àtẹ́ lu ohun tí ẹnìkan sọ, kí wọ́n gba èyí tó dà bí àlá pàápàá láàyè, kí wọ́n wá púpọ̀, kí wọ́n sì máa fi ti ẹnìkan kún ti ẹlòmíràn. Ó ní ẹni tó bá wà láàárín ẹgbẹ́ lè ronú kan ìlọ́po méjì ohun tí òun nìkan máa ronú kàn. Lọ́dún 1958, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Taylor, Berry àti Block, dán an wò ní Yunifásítì Yale. Wọ́n kó èèyàn mẹ́rin-mẹ́rin jọ pé kí wọ́n jọ ronú. Wọ́n ní kí àwọn mìíràn lọ dá ronú, wọ́n wá pa èsì àwọn náà pọ̀ ní mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n sì yọ èyí tó jọra kúrò. Èsì àwọn tó dá ronú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àwọn tó jókòó pọ̀. Àwọn olùwádìí ti tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà, ibì kan náà ló sì sábà máa ń já sí.

Bí ẹ bá sọ èyí, wọ́n á ní: "Ìtìjú ni. Ẹ ní kí wọ́n má bẹ̀rù, gbogbo wọn á sọ̀rọ̀." Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ìtìjú wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtò, ìyẹn kí kálukú máa dúró de kí ọ̀rọ̀ kàn án, ni baba ìṣòro. Ẹnu kan ṣoṣo ló lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tí èèyàn 15 bá pín wákàtí kan dọ́gba, ìṣẹ́jú 4 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan; ìṣẹ́jú 56 yòókù, títẹ́tí ló máa fi ṣe. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú orí rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn? Bó bá di èrò tirẹ̀ mú kó má baà gbàgbé, kò ní ráyè ronú òmíràn. Bó bá fetí sí ẹlòmíràn, èrò tirẹ̀ á ti fò lọ kó tó kàn án. Bí ẹnìkan bá sì sọ ohun tó fara pẹ́ tirẹ̀, á gbé tirẹ̀ mì, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ kékeré tó wà láàárín méjèèjì lè jẹ́ odindi bátànì.

Olùwádìí méjì, Diehl àti Stroebe, fi èyí hàn ní Jámánì, nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1987. Wọ́n fi olúkúlùkù sí yàrá tirẹ̀, wọ́n fi iná pàṣẹ ìgbà tó lè sọ̀rọ̀ àti ìgbà tó gbọ́dọ̀ dúró de ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tó ń wò wọ́n lójú, síbẹ̀ iye èrò wọn já wálẹ̀ bíi ti àwọn tó jókòó pọ̀. Ìdúró de ara wọn nìkan ti tó láti fà á. Ẹ lè sọ fún àwọn èèyàn yín títí pé kí wọ́n má tijú, ìtò kò ní torí ìyẹn yára.

Lọ́dọ̀ tiwa, ohun kan tún wà lórí ìyẹn. Àgbà ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí Ìyá bá ti ní kí wọ́n tún Olókun, bátànì àdìrẹ àtijọ́ kan, ṣe, Olókun ni gbogbo ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wọn máa yí po. Ọmọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi fóòmù gbé àbẹ́là sórí aṣọ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe rí kò ní la ẹnu. Ẹ̀kọ́ ilé ló ń tẹ̀ lé, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bá a wí fún un. Ọ̀nà tí a fi ń ṣe ìpàdé ló yẹ ká yí padà.

Ohun tí kò jẹ́ kí ìgbàgbọ́ náà kú ni pé kò sẹ́ni tó ń ka iye èrò tó jáde. Ariwo pọ̀, ẹ̀rín pọ̀, kálukú sì gbà pé òun náà dá sí gbogbo ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ta ló ti ní kí àwọn èèyàn 15 kan náà lọ dá ronú fún ìṣẹ́jú 20, kó wá fi iye méjèèjì wé ara wọn?

Ohun tó sàn jù ni ká fi bébà rọ́pò ẹnu. Bernd Rohrbach, ará Jámánì, ló ṣe àlàyé irú rẹ̀ kan lọ́dún 1968: èèyàn 6, èrò 3, ìṣẹ́jú 5. Fún bátànì, ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní bébà kan tí ẹ pín sí ojú 18, ìlà 6 tó ní ojú mẹ́ta-mẹ́ta. Kálukú ya àrà 3 sí ìlà àkọ́kọ́ láàárín ìṣẹ́jú 5, láìsọ̀rọ̀; lẹ́yìn náà ó gbé bébà rẹ̀ fún ẹni ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni yẹn wo èyí tó wà nílẹ̀, ó ya 3 tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀: ó lè tún ti òkè ṣe, ó lè yí i po, ó lè ya ohun tí kò bá a tan rárá. Bí bébà bá yí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín, ìṣẹ́jú 30 ti lọ, ojú 108 ló wà nílẹ̀. Bí ẹ bá pọ̀ ju 6 lọ, ẹ pín ara yín. Ẹ má ṣe fẹ àgbo náà. Ìbéèrè náà gbọ́dọ̀ há. "Kí la máa ṣe sí àdìrẹ wa?" fẹ̀ jù, òfìfo ló ń mú wá. "Kí la lè ya sí etí ìró yáàdì 5 tí ẹ̀rọ ò ní lè tètè ṣe irú rẹ̀?" yẹn ni ọwọ́ á rí nǹkan yà sí.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ kò ju mélòó kan lọ. Àwọn kan á máa kọ ọ̀rọ̀ gígùn dípò kí wọ́n yàwòrán, ìṣẹ́jú 5 á sì tán mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn mìíràn á kọ orúkọ sí bébà, ọmọdé ò sì ní fọwọ́ kan ìlà tí àgbà yà. Ẹ má kọ orúkọ, kí gbogbo yín sì lo irú pẹ́ńsù kan náà.

Mi ò ní kí ẹ pa ìpàdé rẹ́. Osborn alára kò ní kí èèyàn má dá ronú, apá yẹn ni àwọn tó ń tẹ̀ lé e gbàgbé. Bí ẹ bá ti ní bébà nílẹ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ jókòó ṣàṣàyàn, torí ojú àgbà níye lórí níbẹ̀: wọ́n á rí i pé àárín òrùka tí ẹ yà á já bọ́ tí ẹ bá gé e sára páànù tí ẹ fi ń tẹ bátànì sórí aṣọ, àfi tí ẹ bá fi afárá kékeré sílẹ̀ láti dì í mú, wọ́n á mọ ìlà tó tín-ín-rín jù tí aró máa gbà kọjá. Ó sì dà bíi pé èèyàn méjì tó bá jọ ronú kì í pàdánù tó bẹ́ẹ̀. Ojú 108 kò sì túmọ̀ sí pé ọ̀kan nínú rẹ̀ máa tà. Aṣọ ló máa sọ ìyẹn, nítorí náà ẹ dán an wò lórí ìdajì yáàdì ná.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń gbowó pé àwọn á wá kọ́ ẹgbẹ́ yín ní ìrònú, tó sì jẹ́ pé ìjókòó yí ká náà ni wọ́n máa ní kí ẹ tún ṣe. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti fi iye wé iye rí. Ẹ má sì ju àwòrán náà sórí WhatsApp ẹgbẹ́ kí aṣọ tó jáde; ẹni tó ń fi ẹ̀rọ tẹ ayédèrú kò nílò ju fọ́tò kan lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó dìde, ẹ kó gbogbo bébà jọ, ẹ kọ déètì sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹnìkan ṣoṣo sì tọ́jú wọn.