Ìwé Àṣẹ Ìkọ́lé ní Ìpínlẹ̀ Èkó

Ìwé àṣẹ ìkọ́lé ni ìwé tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ń fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé, tó fẹ́ fi àjà kún ilé tó ti wà nílẹ̀, tàbí tó fẹ́ sọ ilé gbígbé di ṣọ́ọ̀bù. Ó yàtọ̀ sí C of O. Ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀ ni C of O ń tọ́ka sí. Ohun tí onítọ̀hún lè kọ́ sórí rẹ̀, bó ṣe lè ga tó, àti àyè tó gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ àti ọkọ̀ ni ìwé àṣẹ ìkọ́lé ń sọ. Owó ọmọ onílẹ̀, bó ti wù kó pọ̀ tó, kò lè dípò èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kánsù ló ń fúnni níwèé yìí. Ìdí ni pé ọ́fíìsì LASPPPA, àjọ tó ń bójú tó o, wà káàkiri àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ìpínlẹ̀ ni àjọ náà. Lára iṣẹ́ tí òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 kà sílẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ ni sísọ òpópónà lórúkọ, fífi nọ́ńbà sára ilé àti dídíyelé ilé fún owó-orí. Kò dárúkọ ìwé àṣẹ ìkọ́lé níbẹ̀.

Wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Òfin 88 ti 1992, tí ìjọba ológun ṣe, pín ètò ìlú láàárín ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀. Èkó gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sílé ẹjọ́, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì dá a ní 2003 pé ìpínlẹ̀ ló ni iṣẹ́ náà, pé Àbújá nìkan ni ìjọba àpapọ̀ ti lè pàṣẹ lórí rẹ̀. Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2010. Ètò ìlú kò ṣàjèjì síbẹ̀: láti 1928, lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ti jà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ni wọ́n ti dá LEDB, àjọ tó ń tún ìlú Èkó ṣe nígbà náà, sílẹ̀.

Ẹni tó ń tọrọ ìwé yóò kó pláànù jọ: èyí tí ayàwòrán-ilé yà, èyí tí ẹnjiníà fi ṣírò bí òpó àti irin yóò ṣe gbé ilé dúró, èyí tó fi ọ̀nà iná àti omi hàn. Ìwé wíwọn ilẹ̀, ẹ̀rí ilẹ̀ àti ẹ̀rí owó-orí á tẹ̀ lé e. Bí ilé bá ga, àyẹ̀wò ilẹ̀ di dandan, nítorí àbàtà tí wọ́n fi yanrìn dí ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Lẹ́kí. Amọṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bíi COREN (ti àwọn ẹnjiníà) tàbí ARCON (ti àwọn ayàwòrán-ilé) ló gbọ́dọ̀ fi èdìdì sí pláànù. Bíríkìlà tó ti kọ́ ogún ilé kò lè bá a fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ á lọ wo ilẹ̀. Pláànù lè dára kí ibi tí ilẹ̀ wà dá ìwé dúró: ojú ọ̀nà àgbàrá, abẹ́ wáyà iná ńlá, ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà, tàbí àdúgbò ilé gbígbé tí ẹnì kan fẹ́ kọ́ ilé epo sí. Nítòsí pápákọ̀ òfurufú, NCAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú, ló ń sọ bí ilé ṣe lè ga tó. Òfin 88 ti 1992 nígbà tirẹ̀ béèrè ìwé ìwádìí nípa àyíká fún ilẹ̀ ilé gbígbé tó ju hẹ́kítà 2 lọ.

LASBCA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń ṣọ́ iṣẹ́ ìkọ́lé, ló ń tọ ilé lẹ́yìn láti ìpìlẹ̀ títí dé òrùlé. Ó lè ti ilé pa, ó sì lè wó o. Nígbà tí ilé àlejò ìjọ kan wó ní Ìkọ̀tún ní 2014, tó pa ènìyàn 116, ìwádìí kọ́rónà, ìyẹn adájọ́ tó ń wádìí ohun tó fa ikú, fi hàn pé kò ní ìwé àṣẹ. Ilé alájà 21 tó wó ní Ìkòyí ní 1 Oṣù Kọkànlá 2021, tó pa ènìyàn tó lé ní 40, ní ìwé. Ọ̀gá LASBCA sọ pé àjà 15 ni wọ́n fọwọ́ sí, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn láàárín àwọn aláṣẹ fúnra wọn.

Ẹni tí wọn kò fún níwèé lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Fún ilé tí wọ́n ti kọ́ láìgbàwé, ìjọba Èkó fi àyè sílẹ̀ ní 2024 kí àwọn onílé wá gba tiwọn láìsan owó ìtanràn.